Owó-Orí Ibi Tí Ìdí Bá Ti Jókòó

Agogo ti dún o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Agbédè, ẹni tó ń jẹun, kó gbé òkèlè dúró! Ẹni tó ń sùn, kí aya rẹ̀ jí i! Ìgbìmọ̀ ìlú ní kí n kí yín. Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ní ẹ ó san owó-orí iṣẹ́ náà.

Èmi Akíntáyọ̀ akéde yín nìyí, èmi tí mo ń gbé Òkè-Ìgbín, tí mo ń sọdá ààlà wá lójoojúmọ́. Ẹ sì mọ àṣà wa: òfin tí agogo ìparí kò bá tíì dún lẹ́yìn rẹ̀, kò tíì di òfin. Ẹ fara balẹ̀, agogo náà ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kan Móyọ̀sádé, ọmọ Màmá Tíṣà. Èkó ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ kán, ọmọ gbé kọ̀ǹpútà, ó wálé wá tọ́jú rẹ̀. Láti yàrá ìyá rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìgbìmọ̀ bínú. Ìdí rẹ̀ wà ní Agbédè, owó-orí rẹ̀ ń lọ sí Èkó! Ìdí wà níbí, owó-orí wà lọ́hùn-ún! Nítorí náà, ẹ gbọ́ òfin!

Èkínní. Ibi tí ìdí bá ti jókòó ni iṣẹ́ ti ṣẹlẹ̀! Kó san ti Agbédè. Èyí tó san ní Èkó, ìyẹn wà láàárín òun àti Èkó.

Èkejì. Ẹni tó bá dìde dúró ṣiṣẹ́ kí ìdí rẹ̀ má baà kan ilẹ̀ wa, ìlọ́po méjì!

Ẹ̀kẹta. Ilé Màmá Tíṣà wà lórí ààlà. Yàrá wà ní Agbédè, ilé ìdáná wà ní Òkè-Ìgbín. Bí Móyọ̀sádé bá ń po ẹ̀kọ fún ìyá rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wá sí i lọ́kàn, kó san ti Òkè-Ìgbín! Olóyè Fágbàmí, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀, ni yóò máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí yóò máa wo ojú rẹ̀, kó lè mọ ìgbà tó ń ronú.

Ẹ̀kẹrin. Ẹni tó bá ní ìsinmi lòun wá lò, kó sinmi lójú gbogbo ìgbìmọ̀! Bí ìka rẹ̀ bá mì, iṣẹ́ ni!

Ìjìyà ẹni tí kò bá san ńkọ́? A ó gba kọ̀ǹpútà rẹ̀, a ó gbé e fún Olóyè Fágbàmí, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Ẹni náà yóò sì kúrò nílùú kí oòrùn tó wọ̀!

Móyọ̀sádé ti ń di ẹrù o. Owó-orí mẹ́ta kò lè jáde nínú owó oṣù kan. Bó bá lọ, ta ni yóò gbé Màmá Tíṣà dìde lórí ibùsùn? Ìgbìmọ̀ kò kọ ìyẹn síwèé. Ó dùn mí. Obìnrin yìí ló kọ́ mi ní a, b, d tí mo fi ń ka ìwé ọwọ́ mi yìí.

Ẹ̀karùn-ún, èyí tó kẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé ìlú kan, tó ń ṣiṣẹ́ fún ìlú mìíràn, kó san fún méjèèjì! Kò yọ ẹnì kan sílẹ̀! Kò yọ ẹnì…

Ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ n tún un kà.

Òkè-Ìgbín ni mo ń gbé o! Agbédè ni mo ń ké fún o! Ìdí mi kò sì jókòó, ìdúró ni mo wà: ìlọ́po méjì! Iṣu méjì lẹ fi ń san iṣẹ́ oṣù kan fún mi, ẹ̀yin ìgbìmọ̀. Èwo ni n ó gé níbẹ̀? Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Orí mi ló já lé látorí àjà yìí!

Ẹ gbọ́ o! Agogo nìyí lọ́wọ́ mi. Bí mo bá lù ú, mo ti ṣiṣẹ́, mo ti jẹ gbèsè. N ò lù ú o! N ò lù ú lónìí, n ò ní lù ú lọ́la! Móyọ̀sádé, tú ẹrù rẹ. Ẹ̀kọ ìyá rẹ ń jóná.

Ẹnu ìgbìmọ̀ ni mo fi kéde. Ẹnu ara mi ni mo fi dákẹ́. Kí onílé máa lọ sílé. Agogo ti wọ àpò.