Iṣẹ́ Oṣù Mẹ́ta Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́ Kan

Àìsàn tó ń ṣe ọmọ àbúrò mi, kò sí dókítà tó gbọ́ irú ẹ̀ rí: kò sí ohun tí èèyàn fẹ́ fi hàn án tí kò tíì kà. Bí o bá ní iná ń jó ọ láṣọ, á kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ọ bí iná ṣe ń jó, kó tó wá omi lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní Mo-Ti-Kà-Á. Ó rò pé oyè ni.

Yunifásítì rẹ̀ ní kò ní gba ìwé ẹ̀rí àfi tó bá fi oṣù mẹ́ta kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ níta. Wọ́n fún un ní ìwé tí yóò máa kọ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ sí, tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ yóò máa fọwọ́ sí. Olùkọ́ kan yóò sì yọ sí i lọ́jọ́ tí kò rò, láti yẹ ìwé náà wò. Bí ìwé bá bàjẹ́, ìwé ẹ̀rí lọ nìyẹn. Àbúrò mi sì ti ra bàtà tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ ìgboyè.

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ obìnrin káfíńtà tó wà ládùúgbò wa. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń gé pákó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀. Èmi náà máa ń jókòó síbẹ̀, nítorí láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni mo ti ṣàkíyèsí pé wíwo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kì í rẹ èèyàn.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, Ọ̀gá na ayùn sí i. "Gé pákó yìí fún mi."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Mo ti kà á."

Ó tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe, ó sì fi ogójì ìṣẹ́jú sọ ìdí tí eyín ayùn fi tẹ̀ sọ́tùn-ún, tó tẹ̀ sósì. Kó tó parí, Ọ̀gá ti fi ayùn mìíràn gé pákó náà, ó ti kàn án, oníbàárà ti gbé e lọ.

"Ṣé ó yé yín?" ni mo bi Ọ̀gá.

"Ó yé mi, Bàbá. Pákó ni kò yé."

Bí ọmọdé bá ní ìwé bí àgbà, kò lè ní èékánná tí hámà ti fọ́ bí àgbà.

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kejì, mo bá a nírọ̀lẹ́ lórí bẹ́ǹṣì, ó ń kọ̀wé kíkankíkan.

"Kí lò ń kọ?"

"Iṣẹ́ mi ni, Bàbá Àgbà. Kàkà kí n máa kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, mo ní kí n kúkú kọ oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán."

"Èyí tí o kò tíì ṣe ńkọ́?"

"Ṣebí ó ṣì ń bọ̀ ni!"

Mi ò bá a jiyàn. Àwọn wòlíì ń ṣe irú ẹ̀, àwọn èèyàn sì ń kúnlẹ̀ fún wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e ni olùkọ́ dé. Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn ni. Ọ̀nà jíjìn ló ti wá, ohun kan sì ń gbọ̀n ọ́n lẹ́sẹ̀ tí kò jẹ́ kó lè dúró sójú kan. Ó ṣí ìwé, ó ń kà á sókè:

"'Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà: òjò ńlá rọ̀, a ò lè ṣiṣẹ́.'" Ó wo kàlẹ́ńdà ara ògiri. Oṣù kárùn-ún la wà. Ó wo sánmà. "'Ogúnjọ́: mo kọ́ Ọ̀gá ní ọgbọ́n tuntun. Ó dúpẹ́ títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.'"

"Omijé náà ń bọ̀, sà," ni Ọ̀gá wí.

"'Ọjọ́ karùn-ún, oṣù keje: olùkọ́ wá láti yunifásítì. Ó yìn mí gidigidi.'" Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ṣé ṣẹ́ẹ̀tì yìí ni mo wọ̀ wá?"

"Mi ò kọ ti aṣọ sí i, sà."

"Ti òní ńkọ́? 'Mo kan ilẹ̀kùn mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, láìsí ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.' Háà, ọpẹ́ o! Níbo ló wà?"

Aṣọ gbígbó kan ló ti ń bo ẹnu ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà láti ọdún mẹ́rin. Férémù wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn fara ti ògiri, Ọ̀gá ni kò ráyè. Ilé onílé ni káfíńtà ń kan ilẹ̀kùn sí. Olùkọ́ sáré dé ẹnu rẹ̀ tó kọjú sí títì, atẹ́gùn sì gbé aṣọ náà sókè. Olùkọ́ rí títì, títì náà rí i.

"Mi ò lè wọ ibẹ̀ báyìí," ni ó wí. "Ìwọ, kan ilẹ̀kùn yìí. Bí o bá kàn án, a ó jọ sọ̀rọ̀. Bí o ò bá lè kàn án, mò ń mú ìwé yìí lọ, ó tán nìyẹn. Jọ̀wọ́, ṣe kíá."

Mo-Ti-Kà-Á gbé ilẹ̀kùn nílẹ̀.

"Fá ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ díẹ̀, kó lè ní àyè," ni Ọ̀gá wí.

"Mo ti kà á, mà. Àyè ni atẹ́gùn ń gbà wọlé."

Ọ̀gá wá jókòó tì mí. Àgbà kì í wà ní ṣọ́ọ̀bù kí ilẹ̀kùn ọmọ tuntun wọ́. Àgbà méjì la wà níbẹ̀. Ó wọ́ dáadáa.

Olùkọ́ ò ráyè wo wíwọ́. Ó kó sínú, ó fi gbogbo agbára fa ilẹ̀kùn mọ́ra, ilẹ̀kùn sì há sí férémù bí ìdérí ìgò. A gbọ́ ìmí ìtura. Lẹ́yìn náà, a gbọ́ kíkàn.

"Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣí i?"

Mo-Ti-Kà-Á fa ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ó bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó gbé e wá hàn mí.

"Bàbá Àgbà, ó já."

"Mo rí i."

"Ẹ fara balẹ̀, sà!" ni ó ké. "Ooru ló ń mú pákó wú! Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á sún kì!"

"Ìrọ̀lẹ́ wo?" ni ohùn inú lọ́hùn-ún wí.

Àwọn èrò ọ̀nà ti ń dúró. Ẹnì kan bèèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

"Ìdánwò ni," ni Ọ̀gá dáhùn.

"Ta ló ń ṣe é?"

"Àwọn méjèèjì."

Ìgbà yẹn ni Mo-Ti-Kà-Á dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú èérún pákó, tòun ti táì. "Ọ̀gá mi, ẹ gbà mí! Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Mi ò mọ ọ̀kankan ṣe!"

Ọ̀gá mú hámà. Ó lu híńjì òkè, ó lu ti ìsàlẹ̀, ọ̀pá inú wọn yọ, ó sì gbé ilẹ̀kùn kúrò bí ẹni gbé àwo. Olùkọ́ jáde, òógùn bò ó. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó mú bírò pupa, ó sì fagi lé ìwé náà ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tó ti yin ọmọ wa.

"Lọ́la lo máa bẹ̀rẹ̀ oṣù mẹ́ta tuntun," ni ó wí. "Ohun tí ìyá yìí bá fojú ara wọn rí nìkan ni kí wọ́n fọwọ́ sí."

Lọ́jọ́ kejì, kò sí táì. Kò sí àlàyé. Nígbà tí a fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé fún Ọ̀gá. Ìlà kan péré ló wà níbẹ̀: "Mo gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù."

Ọ̀gá kà á. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ bẹ́ǹṣì, ibi tí èérún pákó ga dé orúnkún. Ó dá ìwé padà fún un.

"Pa á rẹ́," ni ó wí. "Ìyẹn náà ò tíì ṣẹlẹ̀."