Ìkéde Nípa Aṣọ Tó Ń Pòórá Lórí Okùn ní Hésúdíìnì

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o!

Tọmọdé tàgbà Hésúdíìnì, ẹ gbọ́ o! Onílé, ẹ gbọ́! Ayálégbé, ẹ gbọ́! Ẹ̀yin tí ẹ fi kọ́tìnnì bojú tí ẹ ń yọjú wòran, akéde ti rí yín, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́!

Ọláìtán ọmọ Ìgbájọ ni akéde yín. Aago ọwọ́ rẹ̀ lẹ ń gbọ́ yẹn. Fìlà onígun mẹ́ta tí ìgbìmọ̀ àdúgbò fún un ló wà lórí rẹ̀ yẹn, kò bá orí rẹ̀ mu, ó sì dé e. Láàárọ̀ ló ti ké ìkéde yìí ní Gẹ̀ẹ́sì níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó wá ń ké e ní Yorùbá báyìí nítorí àwọn ọmọ wa tó wà ládùúgbò yìí nílùú Òyìnbó, tí wọ́n máa ń sọ pé àwọn ò gbọ́ ohun tí akéde wí. Ó yá, ẹ gbọ́ ọ lédè ìyá yín. Kò sí àwáwí mọ́! Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Akéde ń fi tọmọ jẹ́ ẹ lọ.

Ọ̀ràn dé o! Ọ̀ràn ńlá! Hésúdíìnì tí ẹ mọ̀, àdúgbò tó parọ́rọ́ jù lẹ́yìn ìlú, níbi tí àwọn ọlọ́pàá ti máa ń wá jẹ oúnjẹ ọ̀sán wọn nínú ọkọ̀, ó ti bàjẹ́! Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀sùn kan ṣoṣo ló dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹnìkan gbé ère bàbá kékeré onírùngbọ̀n kúrò nínú ọgbà Mísíìsì Pọ́línì, opó tó ń gbé nílé onílẹ̀kùn aláwọ̀ ewé. Nígbà tó yá, wọ́n rí ère náà nínú kòtò kan. Ajá ló gbé e. Wọn ò rí ajá mú lọ sí kóòtù, ẹ̀sùn bá di òfo.

Ṣùgbọ́n látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lọ́dún yìí, aṣọ ń pòórá lórí okùn lẹ́yìnkùlé. Ṣẹ́ẹ̀tì ń pòórá! Aṣọ ìbùsùn ń pòórá! Ìbọ̀sẹ̀ ń pòórá! Pátá ń pòórá, pátá àgbàlagbà ọkùnrin! Místà Dẹ́sìmọ̀ndì, ọ̀gá ẹgbẹ́ Ojú-Lalákàn-Fi-Ń-Ṣọ́rí tó ń ṣọ́ àdúgbò wa, pe ìpàdé pàjáwìrì. Ó ya ìlà kan sójú pátákó. Ìlà náà ń gòkè bí ẹni tó ń gun àgbọn. Ó ní ìwà ọ̀daràn ti fi ìlọ́po ogún pọ̀ sí i. Akéde béèrè pé ìlọ́po ogún kí ni. Ó ní ìlọ́po ogún òfo. Gbogbo ìjókòó mí kanlẹ̀. Obìnrin kan ní ká tètè ta ilé wa ká máa lọ.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ pàṣẹ. Ẹ gbọ́ o!

Àṣẹ Kìíní! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aṣọ ẹlòmíì lórí okùn. Ìbáà ṣe oòrùn, ìbáà ṣe òjò, ìbáà ṣe yìnyín! Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, wọn yóò mú un jókòó sí ìpàdé ẹgbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn ò sì ní fún un ní bísíkíìtì. Akéde tún un wí: kò sí bísíkíìtì!

Àṣẹ Kejì! Aṣọ tó bá máa gun okùn gbọ́dọ̀ ní orúkọ ẹni tó ni ín lára. Ìbọ̀sẹ̀ gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú ìkejì rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá rí tó dá wà, ẹni tó sọnù ni, a ó lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ òpó iná.

Àṣẹ Kẹta! Ológbò kò gbọdọ̀ gba orí ògiri kọjá lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ láìjẹ́ pé ẹnìkan mọ ibi tó ń lọ. Ológbò tí kò bá lè ṣàlàyé ara rẹ̀ yóò sùn sílé ọ̀gá ẹgbẹ́. Ìyàwó ọ̀gá ẹgbẹ́ kò fẹ́ràn ológbò. Ìyà náà kárí.

Àṣẹ Kẹrin! Ẹ ṣí etí yín sí eléyìí. Ẹni tó bá kí ẹni tí kò mọ̀ rí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, afurasí ni! Ẹ̀ẹ̀kan tó. Ẹni tó bá tún kí i lẹ́ẹ̀kejì, kí ló ń wá?

Àṣẹ Kárùn-ún wà tẹ́lẹ̀, ó dá lórí ẹ̀rọ tó ń gé koríko lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Wọ́n ti fagi lé e. Ọ̀gá ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rú u.

Àṣẹ náà parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìkéde ò tíì parí. Ẹ má tíì wọlé o! Ẹ dúró kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí kò sí nínú ìwé àṣẹ.

Ìyá Gbádéró ni ìyá àgbà tó wà nílé onílẹ̀kùn pupa, ilé tó kẹ́yìn òpópónà wa. Ìrágbìjí ló ti wá, láti wá wẹ ọmọ tuntun tí Ẹ̀bùn, ìyàwó ọmọ rẹ̀, bí. Ọwọ́ ìyá náà tutù lára ọmọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti yó, tó ti sùn, kí ni ìyá àgbà fẹ́ ṣe? Gbádéró ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ẹ̀bùn ń sùn, oorun sì tọ́ sí i. Ilé á dákẹ́ rọ́rọ́. Nílé, bí ìyá yìí bá wúkọ́ lásán, ẹ̀yìnkùlé mẹ́ta ni wọ́n á ti máa kí i pé ẹ pẹ̀lẹ́. Níbí, kó wúkọ́ dọ̀la, ògiri nìkan ló ń gbọ́. Àárò èèyàn ń sọ ọ́, kò sì fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mọ̀.

Ó gbìyànjú o. Ó rí ọkùnrin kan tó ń gé òdòdó ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Ọkùnrin náà gbé àlùmọ́gàjí rẹ̀, ó wọlé. Ó rí obìnrin kan tó ń já ẹrù nínú ọkọ̀, ó ní, "Ẹ kú ọjà o!" Obìnrin náà rẹ́rìn-ín ojú ayé, ó tilẹ̀kùn. Nígbà tó máa fi dìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti dé orí Wasaapu ẹgbẹ́: arúgbó kan ń jágbe mọ́ àwọn èèyàn lójú pópó. Ibẹ̀ ni Àṣẹ Kẹrin ti wá, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀.

Lọ́jọ́ kan, òjò ṣú. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé agboolé rí, ẹ mọ òfin òjò. Bí òjò bá ṣú, ẹni tó bá wà nílé ló ń kó aṣọ gbogbo ilé wọlé. Kì í béèrè aṣọ ta ni. Yóò ká a, yóò kó o síbì kan. Bí ẹni tó ni aṣọ bá dé tó bá okùn lófìfo, àyà rẹ̀ kì í já. Yóò dúró ságbàlá, yóò ní, "Ta ló bá mi kó aṣọ o?" Ẹni tó kó o á dáhùn nínú yàrá. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọn á béèrè ọmọ, wọn á béèrè ẹsẹ̀ tó ń dunni, ọ̀kan á bu iyọ̀ lọ́wọ́ èkejì.

Ìyá Gbádéró wo ojú fèrèsé ilé ìdáná, ó rí aṣọ tó ń fì lẹ́yìnkùlé lọ́tùn-ún lósì, àwọn tó ni wọ́n sì ti lọ síbi iṣẹ́. Ó ní, "Yéè! Aṣọ ọmọ ọlọ́mọ!" Ó gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó ṣí géètì kékeré wọn níkọ̀ọ̀kan, ó kó aṣọ. Ó ká a, ó wá jókòó, ó ń retí ohùn ẹni tó máa pè. Kò sẹ́ni tó pè. Òjò tún ṣú, ó tún kó o. Àwọn aládùúgbò á dé, wọ́n á wo okùn, wọ́n á wo ojú ọ̀run, wọ́n á wọlé ti ilẹ̀kùn. Ìyá ní àwọn Òyìnbó yìí mà lówó o, aṣọ ò tilẹ̀ já mọ́ nǹkan kan lójú wọn. Gbádéró rí òkìtì aṣọ ní yàrá ìyá rẹ̀, ó rò pé ẹrù tí wọ́n fẹ́ kó relé fáwọn ará ilé ni.

Lọ́jọ́ tí àṣẹ kọ́kọ́ jáde, akéde ń ké e láti ojúlé dé ojúlé, ó kan ilẹ̀kùn pupa. Ìyá ṣí i, inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. "Káàbọ̀ o, ọmọ mi! Ṣé aṣọ lo wá gbà? Mo ti ń retí yín o! Èwo ni tìẹ?" Akéde dọ̀bálẹ̀, fìlà onígun mẹ́ta yí gbirigbiri wọlé. Ìgbà tó gbórí sókè, ó rí gbogbo ìwà ọ̀daràn Hésúdíìnì lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ká a geere. Pátá ọ̀gá ẹgbẹ́ wà lókè. Rọ́bà ìdí rẹ̀ ti já tẹ́lẹ̀, ìyá ti fi òmíràn sí i.

Ẹ wá wo Gbádéró! Ó dorí kodò. Ó ní, "Màmá, ẹ fẹ́ kí wọ́n wá fi ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀ mú yín ni? Olè ni wọ́n ń pè yín o!"

Ìyá ní, "Èmi? Olè? Lórí aṣọ tí mo gbà lọ́wọ́ òjò?" Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra.

Akéde kó aṣọ padà fún oníkálukú, ó ṣàlàyé títí itọ́ gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Místà Dẹ́sìmọ̀ndì yẹ pátá rẹ̀ wò, ó fa rọ́bà náà, ó rí i pé ó le dáadáa. Ó ní òun ò ní pe ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n ìlà tó ti gòkè kò lè sọ̀ mọ́, àṣẹ sì ni àṣẹ. Bí ìyá bá tún fọwọ́ kan aṣọ kan péré, ó dọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ìtìjú mú Gbádéró, ó yí ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú padà. Sátidé ni ìyá máa lọ, ọmọ tuntun kò sì tíì mọ ojú ìyá àgbà rẹ̀. Ẹ̀bùn sunkún. Ìyá kò sunkún, ó ní kí wọ́n gbé ọmọ fún òun.

Ó ku ọ̀la kó lọ, ìyá fọ ìró àdìrẹ rẹ̀, ó sá a lẹ́yìnkùlé, kó má baà gbé aṣọ ìdọ̀tí relé. Ó gbé ọmọ lé àyà, ọmọ sùn, oorun gbé òun náà lọ lórí àga. Òjò ṣú, òjò rọ̀. Ariwo Gbádéró ló jí i: "Olè! Màmá, wọ́n ti jí ìró yín! Ẹ jẹ́ kí n pe ọlọ́pàá!"

Ìyá ní, "Gbé fóònù yẹn sílẹ̀." Ó pọn ọmọ, ó jáde. Ó dúró lójú ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó fi gbogbo ohùn Ìrágbìjí ké e:

"Ta ló bá mi kó aṣọ o?"

Fèrèsé ń ṣí. Kọ́tìnnì ń gbọ̀n. Ìyá tún un ké. Ni ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé bá ṣí, Mísíìsì Pọ́línì bá yọ, ó gbé ìró àdìrẹ dání, ó ká a bí ẹni ká aṣọ tábìlì. Ó sọ Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀, akéde tó wà nítòsí gbọ́ ọ: "Èmi ni. Òjò ń bọ̀, mo rí i pé ẹ ò jáde." Ìyá kò gbédè rẹ̀. Kò sì nílò rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun o, ẹ kú àánú. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?" Nítorí ó ti pẹ́ tó ti ń rí i tí obìnrin náà ń tiro. Ó nawọ́ sí orúnkún rẹ̀. Pọ́línì wo orúnkún ara rẹ̀, ojú rẹ̀ kún fómi. Látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ẹnikẹ́ni kò béèrè orúnkún yẹn. Àwọn méjèèjì wọlé lọ mu tíì, Gbádéró sì dúró sínú òjò bí ẹni tí wọ́n gbàgbé.

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ ìdájọ́! Mísíìsì Pọ́línì ti rú Àṣẹ Kìíní lójú gbogbo ayé. Wọ́n mú un jókòó sí ìpàdé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọn ò fún un ní bísíkíìtì. Ìyá Gbádéró jókòó tì í, wọ́n jọ jẹ ṣinṣín tí ìyá dín wá láti ilé. Ọ̀gá ẹgbẹ́ náà tọ́ ọ wò, ó ní kí wọ́n fagi lé Àṣẹ Kẹrin, wọn ò kàn tíì pa á rẹ́ nínú ìwé tí akéde ń kà ni. Tíkẹ́ẹ̀tì Sátidé ti yẹ̀. Ó di ìgbà tí ọmọ bá rìn.

Ṣùgbọ́n Àṣẹ Kìíní ṣì wà níbẹ̀ o! Ọ̀gá ẹgbẹ́ ní òun ò lè yí ohun tí òun ti fi yíǹkì dúdú kọ. Ìlà ojú pátákó sì tún ti gòkè sí i. Lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀daràn mẹ́rin la tún rí nídìí okùn aṣọ ẹlòmíì, ọ̀kan nínú wọn ni ọkùnrin tó ń gé òdòdó yẹn. Hésúdíìnì ti di ibi ẹ̀rù!

Akéde ti ké tirẹ̀. Aago ti dákẹ́, ohùn ti há, ẹni tó gbọ́ kó ran etí ẹni tí kò gbọ́ lọ́wọ́. Ẹ wo òkè, ojú ọ̀run ti ń dúdú bọ̀. Aṣọ akéde wà lórí okùn lẹ́yìn ilé rẹ̀ onílẹ̀kùn búlúù, òpópónà méjì ló sì kù tó máa ké dé. Ẹni tó bá sún mọ́ ibẹ̀ jù nínú yín, ẹ jọ̀ọ́, kó lọ hùwà ọ̀daràn.