Agbọ̀n Ìyá Mojírádé àti Ìwé Ará Táílàǹdì

Ta ni nínú yín ló lè sọ fún mi ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n? Mo ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ wí. Ẹ ó ní nítorí pé ọ̀rọ̀ kò ṣeé kó, agbọ̀n sì níhò. Bí gbogbo ayé ṣe ń dáhùn nìyẹn. Ẹ panu mọ́ jàre. Òwe yìí ní ìlú tí wọ́n ti bí i, ó ní ọjọ́ tí wọ́n bí i, ọjọ́ Sátidé sì ni. Ẹni tó bá ní òwe náà ti wà kí wọ́n tó bí bàbá òun, kó jókòó jẹ́ẹ́, kó jẹ́ kí n sọ tèmi tán ná.

Ní Ìsàlẹ̀ Àkúrọ̀, níbi tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì, opó kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Mojírádé. Mojírádé yìí ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ó ti lọ sílé ọkọ ní ìlú kejì, Ọlọ́run sì fi ọmọkùnrin làǹtì-lanti ta á lọ́rẹ. Ọjọ́ Sátidé ni wọn ó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn àna fi agbọ̀n ńlá kan ránṣẹ́ sí ìyá ìyàwó, ọsàn ló kún inú rẹ̀ nígbà tó dé. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé a kì í dá agbọ̀n àna padà lófìfo.

Ẹnu wá yá Ìyá Mojírádé. Ó ránṣẹ́ padà pé, "Kí ẹnikẹ́ni má ra ìrẹsì o! Ìrẹsì tí a ó fi sọmọ lórúkọ ń bọ̀ nínú agbọ̀n yẹn, á kún dé etí." Ìyá ọkọ Mojírádé, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ò sọ ju gbólóhùn kan lọ. Ó ní, "A ó máa wò ó." Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ìyá Mojírádé wọra.

Kì í ṣe pé ìrẹsì ò sí o. Àpò kan gbáko ló ní, ó ti bọ̀ ọ́, ó ti sá a, ó gbẹ dáadáa. Èèpo ló kù lára rẹ̀. Kò sì lè gún un nínú odó, nítorí pé ó ti fi apá ọ̀tún ṣubú létí odò, apá náà ò ṣeé gbé sókè tán. Ẹ̀rọ tuntun tó ń bó ìrẹsì, tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rà láti Táílàǹdì, ló gbójú lé.

Ará Táílàǹdì kan ló bá ẹ̀rọ náà wá, Wíchíìtì lorúkọ rẹ̀. Ó kúrú, ó sì lẹ́rìn-ín lẹ́nu. Ó ti to ẹ̀rọ yẹn tán láti ọjọ́rú, àmọ́ ibà mú ògbufọ̀ tó tẹ̀ lé e wá, wọ́n sì ti gbé e lọ sí Ìbàdàn. Wíchíìtì ò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ òyìnbó. Ó kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ àtíbàbà, ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn ará ìlú, àwọn náà ń rẹ́rìn-ín sí i.

Ní ìlú yìí, ẹnikẹ́ni kì í gbé ẹrù síwájú ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ láìjẹ́ pé ẹlẹ́rọ ti tan án, kó sì ti ní ó yá. Ìwọ̀sí ni lójú wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń retí kí àlejò tan ẹ̀rọ. Àlejò náà ń retí nǹkan kan, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó ń retí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Mojírádé gbé agbọ̀n rù, ó ti àpò ìrẹsì sínú ọmọlanke, ó kọrí sí ìdí ẹ̀rọ. Ràfíù dẹ́rẹ́bà, tí yóò gbé e lọ sí ìlú ọkọ Mojírádé, ti sọ fún un pé bó bá ti di aago mẹ́rin, mọ́tò òun á gbéra, òun ò sì ní dúró de ìyá ẹnikẹ́ni.

Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá Alága, olórí ẹgbẹ́. "Bàbá, ṣé ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́ lónìí?"

"Àwa náà ò mọ̀," ni Bàbá Alága wí. "Bó ṣe wà ló wà. Ta ni yóò bi í?"

Ibẹ̀ ni Tísà Òjéwùmí ti wú ikọ́. Ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ó ti rí i pé ìwé atúmọ̀ kan wà lórí itan Wíchíìtì, ó nípọn bíi búrẹ́dì, òyìnbó lápá kan, èdè Táílàǹdì lápá kejì, tí àwọn lẹ́tà rẹ̀ lọ́ bí ìwọ̀ ẹja. Tísà ní, "Kí ló le nínú èyí? Ẹ̀rọ tó bá ń ṣiṣẹ́, rọ́ọ̀nù ni òyìnbó ń pè é. Kí n sáà ti wá rọ́ọ̀nù kàn, kí n fọwọ́ tọ́ ọ fún un, ó parí."

Ó ṣí ìwé, ó sì rí i. Àmọ́ rọ́ọ̀nù yìí gba ojú ewé kan àbọ̀. Ìtumọ̀ mẹ́tàlélógún ló ní, oníkálukú pẹ̀lú èdè Táílàǹdì tirẹ̀.

"Èwo ló jẹ mọ́ ẹ̀rọ níbẹ̀, Tísà?"

"Ìkẹtàdínlógún."

"Ẹ fi hàn án, ẹ jọ̀ọ́."

Tísà bọ́ awò ojú. "Ìyá Mojírádé, ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ. N ò fi ìkẹtàdínlógún ṣáájú ìkíní rí. Ẹni tó bá fo kíláàsì, yóò padà wá jókòó níbẹ̀."

Ìyá Mojírádé wo ojú ọ̀run, ó wo agbọ̀n rẹ̀. Bí òun bá bá Tísà jà, ta ni yóò tún bá òun kàwé?

Ìtumọ̀ kìíní, sáré. Tísà fìka tọ́ ọ. Wíchíìtì kà á, ó wo Tísà, ó wá nawọ́ sí àyà ara rẹ̀, bí ẹni tó ń bèèrè pé ṣé òun ni. Tísà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wíchíìtì jẹ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, kò fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ àgbà, ó bá bọ́ bàtà, ó sì ki eré mọ́lẹ̀ yí àtíbàbà ká. Ó ń fi èdè tirẹ̀ pariwo pé, "Wíng! Wíng!"

Bàbá Alága figbe ta. "Ṣé ẹ ó máa wò ó ni? Ṣé àlejò ló yẹ kó máa dá sáré?"

Ni gbogbo ẹgbẹ́ bá tú dà sẹ́yìn Wíchíìtì. Ìyá Mojírádé náà sáré tòun tagbọ̀n lórí. Obìnrin kan tó ń bọ̀ láti odò ju garawa sílẹ̀, ó dara pọ̀ mọ́ wọn. Ó ní, "Kí ló ń lé wa?"

"N ò mọ̀," ni Ìyá Mojírádé wí. "Ṣáà máa bọ̀."

Ìtumọ̀ kejì, kí omi máa ṣàn. Wíchíìtì rí omi kà, ó wo bí gbogbo wọn ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó lọ bomi wá, ó bu fún wọn níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n mu, wọ́n dúpẹ́. Ìtumọ̀ kẹta, kí ikun máa dà nímú. Wíchíìtì yọ áńkáṣíìfù lápò, ó fi lé Tísà lọ́wọ́. Ikun kankan ò dà nímú Tísà, àmọ́ ó gbà á, ó ní ẹ ṣé. Ìtumọ̀ kẹrin, kí aṣọ máa ṣí. Wíchíìtì fi omi ra ìka, ó fi nu apá bùbá àdìrẹ tuntun tí Tísà wọ̀, ìka rẹ̀ di aró. Ó nà án sókè kí gbogbo ayé rí i.

"Aró gidi ni o!" ni Tísà wí, inú rẹ̀ ò sì dùn.

"Tísà, oòrùn ti kọjá àtàrí," ni Ìyá Mojírádé wí. "Ẹ fò ó lọ síbi ẹ̀rọ, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Ìkarùn-ún ló kàn."

Ìkarùn-ún yẹn ló da ìlú rú. Kí èèyàn du ipò ni. Wíchíìtì kà á, ó mi orí pé rárá, ó wá nawọ́ sí Bàbá Alága. Ojú Bàbá Alága yí padà.

"Tísà, kí lẹ bi í?"

"Mo bi í nípa dídu ipò."

"Ipò ta ni?"

"N ò dárúkọ ẹnì kankan o. Bó ṣe wà nínú ìwé ni."

"Irọ́ lẹ̀ ń pa! Ẹ ti lọ bá àlejò ṣèpàdé! Ipò mi lẹ fẹ́ gbà!"

Ìgbà tí wọn ó fi parí ariwo, ìbò ti délẹ̀. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ń ṣe ti Bàbá Alága tò sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹni tó bá ń ṣe ti Tísà tò sẹ́yìn Tísà. Gbogbo ìlú tò sẹ́yìn Bàbá Alága. Wíchíìtì ò mọ ohun tí wọ́n ń tò fún, ó kàn lọ dúró síbi tí kò sí èrò. Bí Tísà ṣe rí ìbò kan nìyẹn. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ni ọkọ̀ Ràfíù bá fun fèrè lókèèrè. Aago mẹ́ta àbọ̀ ti lù.

Ìyá Mojírádé sáré lọ bá Tísà. "Ibo la dé?"

"A ti parí ìkarùn-ún." Tísà ti ìwé pa, ó gbé e lé orí itan Wíchíìtì tó ti padà jókòó. "Àkókò ìsinmi ti tó. Mo fẹ́ lọ fi ẹ̀pà panu."

Ẹ gbọ́ o, inú bí obìnrin yìí gan-an. Ó ń rí ìyá ọkọ Mojírádé lójú ẹ̀mí rẹ̀, tó ń yọjú wo inú agbọ̀n òfìfo lójú gbogbo ẹbí. Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Bí ó ṣe ń sunkún ló lọ bá Wíchíìtì, ó sọ agbọ̀n lé e lórí itan, gbàgà!

Wíchíìtì yọjú wo inú agbọ̀n. Ó dorí rẹ̀ kodò, ó gbọ̀n ọ́n. Kò sí nǹkan. Ó wo obìnrin náà, ó wo ẹnu ẹ̀rọ, ó wá la ọwọ́ méjèèjì bí ẹni ń sọ pé, níbo ló wà?

"Káàò?" ló bèèrè.

Ìyá Mojírádé ò mọ káàò. Àmọ́ ẹni tó bá la ọwọ́ síwájú ẹ̀rọ ìrẹsì, kí ni yóò tún máa wá? Ó tú ẹnu àpò, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún un.

"Káàò!" Wíchíìtì fò sókè. Ẹ ò rí i bí? Ìrẹsì ni ọkùnrin yìí ti ń retí láti ọjọ́rú! Lọ́dọ̀ tiwọn, wọn kì í tan ẹ̀rọ lófìfo, ó ń bà á jẹ́ ni. Ó gbé àpò dà sẹ́nu ẹ̀rọ, ó fa okùn, ẹ̀rọ bú ramúramù, ìrẹsì funfun báláú sì ń dà wọnú agbọ̀n àna. Ìyá Mojírádé ń jó, omijé ò sì tíì gbẹ lójú rẹ̀.

Agbọ̀n ti kún dé etí nígbà tí Tísà sáré dé, tòun tẹ̀pà lẹ́nu. Ó gbé ìwé, ó fìka tọ́ ọ, ó ń kígbe pé, "Mo fo mọ́kànlá! Ìkẹtàdínlógún nìyí! Kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́!" Ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ. Wíchíìtì nìkan ló rí ìka rẹ̀. Ó ka ibẹ̀, ó wo ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, ó sì fi sùúrù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ràfíù dúró de ìyá ẹnì kan lọ́jọ́ náà, torí pé ó gbọ́ òórùn ìrẹsì tuntun. Tísà náà wọ ọkọ̀, ó ní òun ò lè jẹ́ kí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ láìsí akọ̀wé. Lọ́jọ́ kejì, ìyá ọkọ Mojírádé ki ọwọ́ bọ agbọ̀n dé ìgúnpá, ó ń wá ewé tí wọ́n fi kún ìsàlẹ̀. Kò rí ewé. Ìrẹsì ni látòkè délẹ̀.

"Ìyá Mojírádé," ló wí, "ẹ̀yin tí apá ń dùn. Báwo lẹ ṣe ṣe é?"

Tísà dìde, ó tún bùbá rẹ̀ ṣe, ó wú ikọ́. "Ìtumọ̀ kìíní..."

Ìyá Mojírádé ti bu ìrẹsì gbígbóná ẹ̀kún ṣíbí, ó sì fi dí i lẹ́nu. "Ẹ jẹun, Tísà. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n."

Bó ṣe dòwe nìyẹn. Mo rí i pé ẹ ti ń pàtẹ́wọ́, ẹ ti ń yìn mí, ẹ ní ẹnu mi dùn. Ẹ ṣeun. Agbọ̀n mi ló wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ẹ wo inú rẹ̀ bí ẹ bá ti ń jáde, kí ẹ sì rántí ohun tí mo sọ: ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.