Ìpàkọ́ Tíṣà Adéwùsì

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pa á lówe pé ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń rí tẹni, ṣé ẹ mọ ohun tó bí i? Tíṣà Adéwùsì ará Ìkìrun ló fojú winá rẹ̀.

Àwọn eléré kan fẹ́ fi ìwé ìtàn kan ṣe fíìmù, ìtàn àwọn tó wa ọkọ̀ lọ sójú òṣùpá. Wọ́n ní kí Adéwùsì ṣe Bàbá Mẹkáníìkì, arúgbó tó kó wọnú iná kí àwọn tó kù lè yè. Odidi orí mẹ́ta ni bàbá yìí ní nínú ìwé. Adéwùsì há gbogbo rẹ̀ sórí, ó fá orí kodoro, ó sì kọ̀wé fiṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀.

Ìyá Fẹ́wà, aya rẹ̀, ní, "Ẹ rọra o."

"Ìwọ ṣáà múra ìwòran."

Lọ́jọ́ ìwòran, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kún ìlà méjì níwájú. Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Wọn ò rí Adéwùsì nínú rẹ̀. "Mò ń bọ̀," ló ń wí ṣáá láàárín wọn. Wákàtí kan kọjá. Iná ṣẹ́ yọ nínú ọkọ̀ báyìí, ni ìpàkọ́ ràgàjì kan bá dí gbogbo ojú fíìmù.

Ẹ̀rín pa Adéwùsì. "Ta ló ni ìpàkọ́ bí ìdí ìkòkò yìí? Kó yà lọ́nà, kí wọ́n lè rí mi!"

Nínú fíìmù náà, ọ̀gá ọkọ̀ ti onípàkọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí Adéwùsì há sórí, òun fúnra rẹ̀ ló sì kó wọnú iná.

"Bàbá Fẹ́wà," aya rẹ̀ rọra wí, "tiyín ni."

"Tèmi kẹ̀? Ṣé mi ò mọ ìpàkọ́ mi ni?"

"Níbo lẹ ti rí i rí? Èmi ni mo ti ń wò ó láti ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Adéwùsì lọ bá olùdarí fíìmù. "Orí mẹ́ta mi dà?"

"Bàbá, fíìmù kì í ṣe ìwé. Ọ̀gá ọkọ̀ làwọn èèyàn ń wá wò. Ẹ dúpẹ́ pé a fi ìpàkọ́ yín sílẹ̀."

Nígbà tó padà sílé ìwé, tíṣà mìíràn ti wà ní kíláàsì rẹ̀, ó kọjú sí pátákó, ó ń kọ̀wé. Adéwùsì dúró lójú fèrèsé, ó ń wo ìpàkọ́ onítọ̀hún. Ní ẹ̀yìn Adéwùsì fúnra rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ta ara wọn lólobó: "Òun nìyẹn! Ìpàkọ́ inú fíìmù!" Kò bojú wẹ̀yìn.

Ẹ ò wá rí i pé àwọn àgbà ò purọ́: ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń rí tẹni.