Ẹ̀gbà Fàdákà Tó Di Wáyà Orin

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, tọkọtaya ló gbé e dé. Aránṣọ ni ìyàwó, onígbàjámọ̀ ni ọkọ. Ìyàwó fi wáyà gígùn kan tí wọ́n fi sẹ́dà wé kọ́ ọrùn wọlé. Inú ń bí i débi pé kò rántí pé abẹ́rẹ́ ṣì wà láyà aṣọ òun.

"Ọmọ mi, kí ló dé?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́. Ìyá mi ni mo fi kọ́ ọrùn yìí o!"

Àwọn ìjòyè wo ara wọn.

"Ẹ̀gbà fàdákà méjì péré ni ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi. Ọkọ mi kó wọn nínú àpótí mi, ó ní kí alágbẹ̀dẹ yọ́ wọn, ó fi wọ́n ṣe wáyà sípíkà!"

"Onígbàjámọ̀, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baálẹ̀, àmọ́ n ò jalè. Ṣé ohun tó ṣì wà nínú ilé ló sọnù? Bàbà ni wáyà wa tẹ́lẹ̀. Bàbà a máa tòògbé. Orin á bọ́ sínú rẹ̀, á sùn lọ. Fàdákà ni kì í sùn. Láti ọjọ́ tí mo ti so ó mọ́ ẹ̀rọ, mò ń gbọ́ bí olórin ṣe ń gbé itọ́ mì!"

"Ta ló ní òun fẹ́ gbọ́ itọ́ olórin?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Àti pé ìyá ìyàwó mi fẹ́ràn orin nígbà ayé wọn. Mo ní kí wọ́n kúkú máa gbọ́ ọ láti inú wáyà."

Aránṣọ bú sẹ́kún. Ìró ẹ̀gbà yẹn ló fi ń mọ̀, láti kékeré, pé ìyá òun ń bọ̀ wá jí òun. Wáyà wo ló lè ró bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rẹ́ ọkọ, aránbàtà, jáde wá jẹ́rìí. "Baálẹ̀, ohùn náà mọ́ gaara bí omi òjò."

"Orin wo lo gbọ́?"

"Iná ò sí lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi dáadáa."

Wọ́n pe alágbẹ̀dẹ fàdákà. Ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ ṣàánú mi. N ò yọ́ nǹkan kan. Mo rí orúkọ ìyá náà tí wọ́n fín sínú ẹ̀gbà, ọwọ́ mi kọ̀ ọ́. Wáyà bàbà lásán ni mo fún un. Mo kàn fi ọ̀dà kùn ún kó lè máa dán ni."

Ó kó ẹ̀gbà méjèèjì jáde lápò.

"Kí ló dé tí o ò dá wọn padà?"

"Òun ló ń fá irùngbọ̀n mi, Baálẹ̀. Abẹ á wà lọ́wọ́ ẹ̀, ọrùn mi á wà níwájú ẹ̀."

"Irọ́ ni!" onígbàjámọ̀ figbe ta. "Etí mi mọ fàdákà!"

Aránṣọ ò gbọ́ ìyẹn. Ó ti kó ẹ̀gbà bọ ọwọ́, ó ń fi ìka wá orúkọ ìyá rẹ̀.

Baálẹ̀ yíjú sí i. "Tí o bá pe ọkọ rẹ nílé, ẹ̀ẹ̀melòó kó tó dáhùn?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹfà, Baálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màá wá fọwọ́ tọ́ ọ."

"Ó tó. Onígbàjámọ̀, etí tó ń gbọ́ fàdákà nínú bàbà kò lè ṣe aláìgbọ́ ohùn ìyàwó. Láti òní lọ, bó ṣe wù kó rọra pè ọ́ tó, ìpè àkọ́kọ́ ni kí o ti dáhùn. Ọjọ́ tó bá pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, sípíkà rẹ méjèèjì di àga oníbàárà ní ìsọ̀ ìyàwó rẹ."

Onígbàjámọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa ṣàròyé, ni ìyàwó rẹ̀ bá sọ ọ́ wúyẹ́ lẹ́nu ọ̀nà pé, "Olówó orí mi."

"Mò ń bọ̀ o!"

Ariwo rẹ̀ jí ìjòyè kan tó ti sùn láti ìgbà tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀.