Onídùúró Òjò

Ẹjọ́ iná kan wọ ààfin Baálẹ̀ lánàá, kí eruku àárọ̀ tó rọlẹ̀. Ààfin ọ̀hún kò ju pálọ̀ kan àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, lẹ́bàá àkùrọ̀, níbi tí Ìkòsì ti fẹ́ kan odò. Suwebat, tí gbogbo Mile 12 ń pè ní Ìyá Labeebah, ló pe ẹjọ́. Ó gbé ọ̀pá ìrèké kan dání. Ìrèké náà dúdú láti orí dé ìdí.

Baálẹ̀ Akínbíyì jókòó. Ọ̀tún Ọlánípẹ̀kun jókòó tì í.

"Suwebat, ta lo pè lẹ́jọ́?"

"Bàbá Ṣóbọ̀wálé ni, Baálẹ̀. Wọ́n dáná sun oko ìrèké mi."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Èyí tó kù nìyí."

"Ṣé ó ṣì ṣeé jẹ?" Ọ̀tún ló béèrè.

"Ọ̀tún, ẹjọ́ là ń gbọ́."

Suwebat kò rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń gbin ìrèké sí àkùrọ̀ náà, láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ilẹ̀ ẹbí onílẹ̀ ni. Àdéhùn wọn kò ju ẹyọ kan lọ: ọjọ́ tí wọ́n bá bá ilẹ̀ ní òfìfo, wọ́n gbà á nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí òní ni wọ́n ń bọ̀ wá wò ó. Àwọn tó ń da yanrìn sí àkùrọ̀ láti kọ́lé ti ń dúró.

"Ilẹ̀ mi ti ṣófo, Baálẹ̀," ló wí. "Bí wọ́n bá dé, mo lọ nìyẹn."

Baálẹ̀ kọjú sí Ṣóbọ̀wálé. Àgbẹ̀ arúgbó ni. Oko rẹ̀ àti ti Suwebat jọ pààlà.

"Ṣóbọ̀wálé, ìwọ lo dáná?"

"Èmi ni."

"O jẹ̀bi nìyẹn."

"N ò jẹ̀bi. Òjò ló jẹ̀bi."

Baálẹ̀ tẹ̀ síwájú.

"Òjò wo?"

"Èyí tí kò rọ̀."

"Ṣàlàyé."

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń sun koríko oko mi kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Bí orúnkún òsì mi bá dùn mí fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, òjò á rọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta. Màá dáná lọ́sàn-án, òjò á pa á nírọ̀lẹ́. Èmi ṣe tèmi. Òjò kò ṣe tirẹ̀."

"Ṣé o ro ààlà, kí iná má baà kọjá?"

"Kí ni màá ro ààlà fún? Òjò ń bọ̀."

"Kò wá."

"Ẹ bi í."

Ara Suwebat kò gbà á mọ́.

"Baálẹ̀, irú òjò wo ni Bàbá ń sọ? Lọ́dún tó kọjá, òjò pẹ́. Lọ́dún tó ṣáájú ẹ̀, inú ọyẹ́ ló dé, ó gbá ewébẹ̀ mi lọ! Gbogbo ayé ló mọ̀ pé òjò ò mọ oṣù mọ́."

"Orúnkún mi ò gbọ́," ni Ṣóbọ̀wálé wí.

"Rédíò sọ ọ́!"

"Orúnkún kì í gbọ́ rédíò."

Baálẹ̀ ní kó ká ṣòkòtò sókè. Ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ orúnkún náà.

"Ó wú díẹ̀, Baálẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jọ olóòótọ́. Tèmi náà dùn mí lọ́jọ́ yẹn."

"Ìwọ náà dáná?"

"Rárá o. Mo fi òrí pa á."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Kabir ọlọ́kadà bọ́ síwájú. Loveth, tó ń ta búrẹ́dì lábẹ́ agbòòrùn ńlá ní bọ́sítọ́ọ̀bù, tẹ̀lé e.

"Kabir, kí lo rí?"

"Baba, iná yẹn le gan-an. Mo ń bọ̀ láti Kétu, mo rí èéfín, mo dúró. Lójú ẹsẹ̀ ni mo pe Ìyá Labeebah lórí fóònù."

"Irọ́ ni!" ni Suwebat wí. "Ó fláàṣì mi ni."

"Mummy, kirẹ́díìtì ò sí nínú fóònù mi."

"Oko ń jó, o ń fláàṣì?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta! Wọn ò pè mí padà, Baba. Wọ́n fláàṣì èmi náà padà ni."

Baálẹ̀ wo Suwebat. Suwebat wolẹ̀.

"Mo wà lọ́jà, Baálẹ̀. Mo rò pé ó ń kí mi ni."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta?"

"Mo rò pé ó ń kí mi gan-an ni."

"Nígbà tí ẹ kí ara yín tán," ni Baálẹ̀ wí, "Kabir, kí lo ṣe sí iná?"

"Mo ń bomi pa á."

Loveth pàtẹ́wọ́.

"Which water? Baba, no mind am o. Ìrèké ló ń jẹ! Ọwọ́ méjèèjì!"

"Aunty Loveth, ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló kó tiẹ̀ sínú abọ́ búrẹ́dì?"

"Èyí tó ti jóná ni mo kó! Ẹyọ mẹ́ta péré."

"Ẹyọ mẹ́ta tí ẹ fi ń polówó ìrèké sísun ní bọ́sítọ́ọ̀bù títí ilẹ̀ fi ṣú?"

"Ó dùn ṣá, Baba. I no fit lie for palace."

"Kò dùn," ni Kabir wí. "Ó korò nídìí."

"Báwo lo ṣe mọ̀?" ni Baálẹ̀ bi í.

Kabir fọwọ́ nu ẹnu.

Ọ̀tún na ọwọ́ sí ìrèké tó wà lọ́wọ́ Suwebat. Suwebat fà á sẹ́yìn. Baálẹ̀ ló gbà á, ó fi èékánná ha ìdí rẹ̀. Lábẹ́ dúdú, funfun yọ, omi sì hàn díẹ̀.

"Suwebat, kùkùté wọn ńkọ́?"

"Wọ́n wà nínú ilẹ̀."

"Iná kì í pa kùkùté ìrèké. Omi ló ń fẹ́. Bó bá rí omi, kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, á ti rúwé. Ilẹ̀ tó bá sì ti rúwé, kò ṣófo."

"Odò ti fà jìnnà, Baálẹ̀. Èmi nìkan kò lè pọn ọ́n. Òjò ni mò ń retí."

"Mo sọ fún yín," ni Ṣóbọ̀wálé wí. "Òjò ló jẹ̀bi."

Baálẹ̀ rọra yí sí i.

"O ní ìwọ àti òjò jọ ní àdéhùn?"

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

"O mọ̀ ọ́n dáadáa?"

"Bí ọmọ ìyá."

"O lè dúró fún un?"

Ṣóbọ̀wálé lu àyà. "Mo dúró fún un! Gbangba!"

Ọ̀tún mi orí. Ó ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́," ni Baálẹ̀ wí. "Òjò ló jẹ̀bi."

Ṣóbọ̀wálé fò sókè. Suwebat ká ọwọ́ lérí.

"Òjò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n òjò ti sá lọ. Bí ẹlẹ́ṣẹ̀ bá sá, ta là ń mú, Ọ̀tún?"

"Onídùúró rẹ̀."

"Ṣóbọ̀wálé, láti àárọ̀ ọ̀la, ìwọ ni òjò. Garawa ogún láàárọ̀, ogún nírọ̀lẹ́, sí oko Suwebat, títí òjò fúnra rẹ̀ yóò fi dé."

"Baálẹ̀! Òjò kì í rọ̀ lójoojúmọ́!"

"Òjò mìíràn nìyẹn. Ìwọ yóò máa rọ̀."

"Bí òjò gidi bá wá dé ńkọ́?"

"Kó gba garawa lọ́wọ́ rẹ. Kó sì wá sọ ibi tó lọ."

"Orúnkún mi ńkọ́?"

"A ti yọ ọ́ lóyè. Kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ òjò mọ́ ládùúgbò yìí. Lọ́dún tó ń bọ̀, wàá ro ààlà, wàá ké sí aládùúgbò rẹ, kí o tó ṣá iná."

Ṣóbọ̀wálé fẹ́ jókòó. Baálẹ̀ kò tíì parí.

"Òjò kì í dé láìsọ. Àwọn èèyàn ń sá aṣọ lẹ́bàá oko yẹn. Kí o tó wọ oko, wàá sán ààrá lẹ́ẹ̀mẹta."

"Pẹ̀lú ẹnu mi? Èmi, àgbàlagbà?"

"Ààrá kì í ṣe ọmọdé."

Kabir rẹ́rìn-ín. Ojú Baálẹ̀ bá a níbẹ̀.

"Kabir, ìwọ ni ìjì. Ìjì ló ń ṣáájú òjò. Wàá máa gbé garawa kejì, wàá sì máa sáré. Loveth, ìwọ ni ìkùukùu. Bí oòrùn bá mú lọ́sàn-án, gbé agbòòrùn rẹ wá ṣíji bo ewé tó bá yọ."

"Baba, my bread nko?"

"Ìkùukùu kì í ta búrẹ́dì."

Ẹjọ́ parí. Suwebat kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì fi ìrèké náà sílẹ̀ fún Ọ̀tún. Ọ̀tún bù ú jẹ, ó jẹ ẹ́ títí, ó tu háhá.

"Ó dùn," ló wí. "Loveth ló jàre."

Láàárọ̀ òní, Suwebat ń sá aṣọ lórí okùn nígbà tí ààrá sán. Ó sán lẹ́ẹ̀kan. Ó sán lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀kẹta di ikọ́. Kabir sáré kọjá, omi ń dà sí i lẹ́sẹ̀. Ṣóbọ̀wálé ń tiro bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, garawa lórí.

"Ẹ kú òjò, Bàbá."

"A kú òjò," ni òjò dáhùn.

Ó da omi sí kùkùté, ó sọ garawa kalẹ̀, ó di orúnkún òsì mú.

"Kí ló ṣe yín?"

"Ó tún ti bẹ̀rẹ̀, Ìyá Labeebah. Òní ló pé ọjọ́ kẹta."

"Wọ́n ti yọ ọ́ lóyè, Bàbá."

"Mo mọ̀. N ò sọ nǹkan kan."

Ó gbé garawa, ó padà sọ́nà odò. Suwebat wo ojú ọ̀run. Ó mọ́ gaara. Ó wo okùn aṣọ rẹ̀. Ó tún wo ojú ọ̀run.

Ó kó aṣọ wọlé.