Ẹkùn Igbó àti Pákó Mẹ́sàn-án

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó wọ bàtà ìgun-òkè wá sí ọ́fíìsì, tó so ike omi mọ́ ìbàdí bí ẹni pé aṣálẹ̀ ló wà láàrin tábìlì rẹ̀ àti ẹnu ọ̀nà, ẹ yà fún un. Ẹkùn Igbó ló ń kọjá. Ọkọ odò. Arìngbó-má-kọsẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi orúkọ wọ̀nyí jẹ ara rẹ̀, àwa kàn bá a gbé e ni.

Tábìlì mi ló kọjú sí tirẹ̀ ní ẹ̀ka tí a ti ń ta ìwé fún àwọn ilé-ìwé, nítorí náà etí mi ti jìyà. Gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè ni ìtàn ń bẹ̀rẹ̀: bó ṣe gba ọ̀nà igbó tó ń bá odò kékeré nì lọ ní Sátidé, bó ṣe la omi kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin, bí ajá rẹ̀ ṣe gbó mọ́ ejò títí ejò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tọrọ àforíjì. Ẹsẹ̀ máa ń ro ó, ó ní. Ẹnu ni kì í rẹ̀ ẹ́.

Ajá ọ̀hún kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ló ni ín, òun ló sì sọ ọ́ ní Ojúlarí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ yẹn, mo rò pé ajá ni obìnrin náà ń pè. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló yé mi pé ọkọ àbúrò rẹ̀ ló ń bá wí.

Ẹ̀rí sì wà lára ògiri. Lẹ́yìn àga rẹ̀, pákó pẹlẹbẹ mẹ́sàn-án tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára rọ̀ sórí ìṣó mẹ́sàn-án. Ó ní igbó ló fi dá òun lọ́lá. Ìyá Fáìlì, obìnrin tó ń tọ́jú ìwé ẹ̀ka wa, wò wọ́n lọ́jọ́ kan, ó sì bi í bóyá wọ́n máa ń jẹ́ kí èèyàn gbé wọn wálé. Ẹkùn Igbó dá a lóhùn pé wọn kì í fún gbogbo ènìyàn. Ìyá Fáìlì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Kí n sọ ti Ìyá Fáìlì. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe iṣẹ́ tí olórí ẹ̀ka wa ń buwọ́ lù. Nígbà tí olórí náà fẹ́ fẹ̀yìn tì, ọ̀gá àgbà wa, obìnrin tó fẹ́ràn ìrìn ju oúnjẹ lọ, ní kí gbogbo wa lọ rin ọ̀nà igbó yẹn ní Sátidé. Ẹni tó bá lè kó èèyàn gba inú igbó láìsọ ẹnì kankan nù ló máa fún ní àga náà. Kó tó pa ẹnu dé, ọwọ́ Ẹkùn Igbó ti wà lókè. Ìyá Fáìlì ò na ọwọ́.

"Mo fẹ́ ipò yẹn, àbúrò mi," ló sọ fún mi lórí àtẹ̀gùn. "Àmọ́ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pariwo ara ẹni." Ó dùn mí gan-an, torí mo mọ̀ pé òótọ́ ni.

Sátidé pé. Agogo mẹ́jọ àárọ̀ la pàdé lẹ́nu ọ̀nà igbó. Ẹkùn Igbó dé kẹ́yìn, kójú wa lè rí i dáadáa. Ó ti fi okùn pupa so pákó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán mọ́ ọrùn, wọ́n ń ró pọkọ́-pọkọ́ láyà rẹ̀. Ó ní ká má fòyà, ká ṣáà máa tẹ̀lé Ojúlarí, nítorí ajá náà mọ ọ̀nà yìí ju ẹni tó là á lọ.

La bá tẹ̀lé Ojúlarí. Ojúlarí rin bí ogún ìṣísẹ̀, ó yà sọ́tùn-ún, ó gba ẹ̀yìn búkà kékeré kan tí wọ́n ti ń ta tíì, ó wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì, ó gbé orí lé ẹsẹ̀. A fà á títí, kò dìde.

Ẹkùn Igbó ní ó ń gbóòórùn ẹranko ni. Obìnrin tó ń ta tíì yọjú, inú rẹ̀ sì dùn láti rí i.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Ẹ mú èèyàn wá lónìí. Ṣé kí n gbé ìrọ̀rí yín wá, àbí ẹ ò ní sùn?"

Bàbá kan wà lórí bẹ́ǹṣì náà, ẹ̀ṣọ́ igbó, ó fi aṣọ di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Pákó ló ń wò. Ó dìde pẹ̀lú ìrora, ó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: mẹ́rìnlá, mọ́kàndínlógún, méje. Ó béèrè ẹni tó ni wọ́n. Ẹkùn Igbó ṣe bí ẹni tí wọ́n ń kí, ó ní òun ni, mẹ́sẹ̀ẹ̀sán.

"Ọmọ mi," ni bàbá náà wí, "ẹni tó bá wọgbó á mú ọ̀kan nínú àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Tó bá dé afárá lókè, ibẹ̀ ló máa gbé e kọ́. Èyí tí mi ò bá bá níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹni tó mú un ti sọnù nìyẹn. Sátidé mẹ́sàn-án ni mo fi ń wá ọ létí omi. Ibẹ̀ ni mo ti ṣubú."

Mo bi bàbá náà pé kí ló dé tí kò fi wíwá náà sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì. Ó ní tí òun ò bá lọ, tó wá jẹ́ pé ẹnì kan wà nínú omi lóòótọ́ ńkọ́? Ojú tì mí fún ọ́fíìsì wa lódindi.

Ọ̀gá àgbà yíjú sí Ẹkùn Igbó. Ìyẹn ní òun ń dán iṣẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ wò ni. Bàbá náà ní òun ò fẹ́ ẹ̀bẹ̀, kó ṣáà lọ gbé pákó kọ́ síbi tó yẹ kí wọ́n wà.

"Kò jìnnà," ó ní. "O ti débẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án."

Ìyá Fáìlì mú pákó tirẹ̀ nínú àpótí, ó bọ́ síwájú, àwa náà mú tiwa. Níbi tí a bá ti fẹ́ la omi, á dúró, á kà wá tán kó tó tẹ̀síwájú, bó ṣe ń ka fáìlì. Ẹkùn Igbó àti Ojúlarí tó ti wá dìde ló ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí a la omi lẹ́ẹ̀kẹrin, ó jókòó lẹ́bàá ọ̀nà, ó ní ká máa lọ, òun mọ àbùjá. Ìyá Fáìlì ní kó má kúrò lójú kan, afárá ò jìnnà mọ́, òun á kó wa débẹ̀, òun á sì padà wá mú un. Àwọn àgbà ní kò sí àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ. Ta ló máa sọ ìyẹn fún ẹkùn?

A dé afárá, a kọ́ pákó wa. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ pọkọ́-pọkọ́ nínú igbó. Ìyá Fáìlì tó ti fẹ́ padà dúró. Gbogbo wa múra láti gbọ́ ìtàn.

Ojúlarí ló jáde, òun nìkan. Ara rẹ̀ tutù, ìrù rẹ̀ ń jó, pákó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wà lọ́rùn rẹ̀. Okùn ti ń họ Ẹkùn Igbó lọ́rùn, ló bá di ẹrù ru ajá. Ajá tó jẹ́ pé abẹ́ bẹ́ǹṣì ló mọ̀ látọjọ́ yìí wá rí odò, kò sì dúró de ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọ̀gá àgbà kà wọ́n. Ó ní, "Bó bá jẹ́ pákó ni mo fi ń yan olórí, ajá ti wọlé nìyí."

A rẹ́rìn-ín títí. Ìyá Fáìlì ò rẹ́rìn-ín. Ó ní mẹ́tàlá la wá, méjìlá ló wà níbí. Ó yí padà, gbogbo wa sì tẹ̀lé e, à ń ké ní etí omi: Ẹkùn Igbó o, Ọkọ odò o, Arìngbó-má-kọsẹ̀ o. Kò sí ẹni tó dáhùn.

Ìgbà tí a yọ sí kọ̀rọ̀ kan la rí i. Ó jókòó sórí òkúta láàrin odò, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá òkúta náà mọ́ra, bàtà kan ti bá omi lọ. Omi ọ̀hún ò mu èèyàn dé orúnkún.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe orúkọ yẹn mọ́," ó ní. "Ẹ ṣáà fún mi lọ́wọ́."

Ìyá Fáìlì bọ́ bàtà, ó wọ inú omi, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ rọra," ó ní. "Ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹ gbé tòsì." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kó wa jáde nínú igbó, mẹ́tàlá géérégé.

Láti Mọ́ńdè, òun ló wà lórí àga olórí ẹ̀ka. Ìṣó mẹ́sàn-án ṣì wà lára ògiri lẹ́yìn Ẹkùn Igbó, lófìfo. Ọ̀gá àgbà ti pàṣẹ pé títí ẹsẹ̀ bàbá yẹn á fi san, Ẹkùn Igbó ni yóò máa lọ ka pákó lórí afárá ní gbogbo Sátidé. Nígbà tó lọ yá ajá tí yóò bá a rìn, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ní kó má bínú. Ìyá Fáìlì ti wá mú un láàárọ̀. Ojúlarí ti bá ẹni tó ń rìn lọ.